Aáyù tútù: bí ẹ bá ṣe gé e ni yóò ṣe ta

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi aáyù tútù se oúnjẹ sábà máa ń bi mí pé awẹ́ mélòó ni kóun fi sí ọbẹ̀. Èmi a kọ́kọ́ béèrè bó ṣe fẹ́ gé e. Awẹ́ kan tí ẹ lọ̀ kúnná lè ta lẹ́nu ju awẹ́ mẹ́rin tí ẹ sè lódidi lọ.

Ohun tó fà á rèé. Aáyù tí ọ̀bẹ ò tíì kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìgbà tí ẹ bá gé e tàbí gún un ni èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ alliinase máa rí èròjà mìíràn tó ń jẹ́ alliin mú, tí á sọ ọ́ di allicin. Allicin yìí ló ń ta. Bí ẹ bá ṣe gé aáyù wẹ́wẹ́ tó ni yóò ṣe le tó. Ṣùgbọ́n iná máa ń pa alliinase, nítorí náà, bí ẹ bá gé e tán, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó tó kan iná. Ẹ lè máa gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ ná.

Bíbó rẹ̀ kò le: ẹ gé ìdí awẹ́, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo á fi ya. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù láàárín rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó máa ń korò.

Ìdí iná ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Aáyù kò lómi tó àlùbọ́sà, kíá ló ń jó. Ẹ má da àwọn méjèèjì sínú òróró pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà rọ̀, ẹ dín iná kù, kí ẹ tó da aáyù sí i, kí ẹ sì máa rò ó. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, òórùn rẹ̀ á gba ilé ìdáná, etí rẹ̀ á fẹ́ máa pọ́n: ẹ da tòmátò tàbí omi sí i lójú ẹsẹ̀. Bó bá dúdú, ó ti korò nìyẹn, iyọ̀ tàbí ṣúgà ò lè tún un ṣe. Ẹ dà á nù, kí ẹ gé òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ aáyù tútù sínú ìgò òróró kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Kòkòrò Clostridium botulinum, tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, lè pọ̀ níbẹ̀, ẹ ò sì ní gbóòórùn májèlé rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Fìríìjì ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì lò ó tán láàárín ọjọ́ 4. Odidi orí aáyù ní tirẹ̀ kò nílò fìríìjì. Ibi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára fún un.