Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe: ohun tí orúkọ yìí túmọ̀ sí àti bí èèyàn ṣe ń dà á

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Abẹ́òkúta ló rò pé ẹni tó bá ti ní sùúrù lè kọ́ ọmọ akàndá. Sùúrù dára, àmọ́ sùúrù kọ́ ni wọ́n fi ń kọ bíráìlì, ìkọ̀wé alámì tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà. Ẹ̀kọ́ àkànṣe ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tún tò kí ó lè wọ ọmọ tí kò gbọ́ràn létí, tàbí tí kò ríran, tàbí tó ní ọ́tíìsìmù, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan.

Ẹ̀ka ẹ̀ka ló pín sí. Ẹni tó mọ aró í pa n'Ítòkú lè má mọ aṣọ í rán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbọ́ èdè adití kò fi ìyẹn di olùkọ́ ọmọ tí kò ríran. Nítorí náà, ẹ ti mú ẹ̀ka kan lọ́kàn kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì bi kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bóyá wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀ka yẹn, torí kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ló ní in. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977. Ọdún 3 ni NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fúnni, JAMB ni ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì máa ń so ẹ̀kọ́ àkànṣe pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn bíi Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ọdún 4 ni dìgírì, ẹni tó bá gbé NCE wọlé yóò lo 3. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí orúkọ tó wọ ìwé. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn tó wá fi PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn dìgírì, lé e ti di olùkọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì di olùkọ́ àkànṣe.

SUBEB ló ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípìínlẹ̀ Ògùn, TESCOM ló ni ti girama. Òfin àwọn akàndá ti 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, ní kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ yìí. Ẹ fi òfin náà sọ́wọ́ tí ẹ bá ń wáṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ iṣẹ́ gan-an. Síléètì bíráìlì, èyí tí wọ́n ń há bébà sí láàárín, ní àyè àmì 6 fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹni tó ń kà á, láti òkè wá sísàlẹ̀, 1, 2, 3 wà lósì, 4, 5, 6 wà lọ́tùn-ún. Ẹ̀yìn bébà ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ń gún, iwájú ni ọmọ ń fi ìka kà, torí náà láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́. D ni àmì 1, 4 àti 5. Ẹni tó bá gún un bó ṣe ń kà á, tó wá yí bébà padà, F ni yóò bá níbẹ̀: 1, 2 àti 4. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì dára fún un. Àmì orí rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ́.

Ti ọmọ tí kò gbọ́ràn ta kókó jù, pàápàá fún àwa tí a ń sọ Yorùbá. Àwọn kan ní kó máa wo ẹnu olùkọ́. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ pe "bàbá", kí ẹ tún pe "màmá": ọ̀kan náà ni ètè ń ṣe. Igba, igbá, ìgbà, kò sí ojú tó lè yà wọ́n, torí ohùn kì í hàn lẹ́nu. Ìdí nìyí tí èdè ọwọ́ fi ṣe pàtàkì. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tóun náà kò gbọ́ràn, ló dá iléèwé adití sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1960, èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà sì ni gbòǹgbò èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwé wa títí dòní. Ẹ má kọjú sí pátákó kí ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ má sì fẹ̀yìn ti fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yóò sọ ojú yín di dúdú.

Èyí tó kù ni ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní IEP. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á kọ ọ́ pé "Ṣadé yóò mọ ìṣirò dáadáa." Ta ló máa wọn ìyẹn? Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Tí Ṣadé bá fi ₦1,000 ra gààrí ₦700, yóò ka ṣéńjì ₦300 láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ìgbà márùn-ún, kí táàmù yìí tó parí." Ẹ wá gé e wẹ́wẹ́: kó kọ́kọ́ dá ₦100 mọ̀ yàtọ̀ sí ₦200, kó tò wọ́n sílẹ̀, kó fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á. Owó gidi ni kí ẹ lò. Ọmọ tó fi bébà kọ́ owó ní kíláàsì lè dé ọjà Kútọ̀ kí ó má mọ ₦100 tó ti rún mọ́. Bó bá ń rí méjì péré gbà nínú márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbésẹ̀ yẹn ti tóbi jù, ẹ tún gé e sí méjì. Ẹ kọ déètì sí i nígbà gbogbo, torí tí wọ́n bá gbé yín lọ sí iléèwé mìíràn, ojú ewé yẹn ni olùkọ́ tó ń bọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.