Pátákó ẹ̀yìn ẹ̀rọ: ìdí tí ó fi yẹ kí ó ṣófo

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ nípa pátákó tí àwọn káàdì ẹ̀rọ máa ń kì ẹnu bọ̀ lẹ́yìn, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní backplane: ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ṣe kún fún ohun ọgbọ́n tó ni yóò ṣe dára tó. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin tí ó wà nídìí òpó tẹlifóònù kan ní ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, káàdì tí ó bá bàjẹ́ ṣeé fà yọ kíá, ṣùgbọ́n bí pátákó ẹ̀yìn bá bàjẹ́, gbogbo káàdì ni a óò tú, gbogbo okùn ni a óò yọ, iṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì dúró pátápátá. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó lè tètè kú, ìbáà jẹ́ fáànù tàbí ẹ̀yà tí ń yí iná padà, orí ohun tí ó ṣeé yọ ni ó yẹ kí ó wà.

Ilẹ̀ ọjà ni pátákó náà. Àtẹ ń dé, àtẹ ń lọ, ẹni tí ó tajà níbẹ̀ lónìí lè má padà wá lọ́la, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í hú ilẹ̀ ọjà nítorí àti tún àtẹ kan ṣe. Ẹ̀rọ tí ó ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 10,000, tí àtúnṣe rẹ̀ ń gba wákàtí 10, yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Bí àtúnṣe bá di ìṣẹ́jú 6 péré, ó di 99.999, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà kò lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni bí a ṣe ń ki káàdì bọlé láì pa iná. Bí ojú okùn àmì, èyí tí ìsọfúnni ń gbà kọjá, bá kan káàdì kí áàtì, ìyẹn ojú okùn tí ó so mọ́ ilẹ̀, tó kàn án, iná lè gba inú chip, ẹ̀yà kékeré tí ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n lórí káàdì, wá ọ̀nà jáde, kí ó sì bà á jẹ́. Kápásítọ̀, ẹ̀yà tí ń tọ́jú iná pamọ́, tí ó ṣófo lórí káàdì tuntun náà sì lè gbé iná mì lójijì, tí iná àwọn káàdì yòókù yóò fi relẹ̀, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gígùn pínnì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí ń so káàdì mọ́ pátákó, ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Pínnì áàtì àti ti iná àkọ́kọ́ gùn jù, iná yẹn sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Pínnì àmì tẹ̀ lé wọn. Èyí tí ó kúrú jù ni ó ń kàn kẹ́yìn, tí káàdì fi ń mọ̀ pé òun ti jókòó dáadáa. Ní Ojúde Ọba, régbérégbé kì í rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti kí Àwùjalẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ń tẹ̀ lé èkejì ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pínnì ń ṣe, àfi pé nígbà ìjáde, ẹni tí ó wọlé kẹ́yìn ni ó ń kọ́kọ́ jáde, kí káàdì lè gbọ́ pé wọ́n ń fa òun kí iná tó kúrò lára rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ń ṣètò èyí: irin tí ó fi mìlímítà díẹ̀ gùn ju irin lọ ni.

Ìlànà pé orí ohun tí ó ṣeé yọ ni ohun tí ó lè tètè bàjẹ́ yẹ kí ó wà ni CompactPCI, irú ètò káàdì àti pátákó ẹ̀yìn kan, kò tẹ̀ lé tán. Orí pátákó ẹ̀yìn ni pínnì rẹ̀ wà, orí káàdì ni ihò wà. VMEbus, ètò mìíràn irú rẹ̀ tí ó jáde ní 1981, ṣe é lọ́nà tí ó sàn jù: orí káàdì ni pínnì wà, ihò sì wà lórí pátákó. Bí oníṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bá tẹ káàdì lọ́nà tí kò tọ́ nínú òkùnkùn, tí pínnì kan sì wọ́, káàdì ni yóò gbé lọ fún àtúnṣe níbi tí pínnì bá wà lórí káàdì. Níbi tí ó bá wà lórí pátákó, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò tú.