Owó ibodè inú kíláàsì

Òrùlé tó ń jò àti àga tó ti kán kò ṣòroó rí. Ẹni tó bá gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọjá á rí i. Èdè ni ọ̀nà tí ojú kì í rí, tí ipò òbí ń gbà wọ inú ìwé ọmọ.

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ọsàn. Oníbàárà ra ti 700 náírà, ó na 1,000 sí i. Kó tó pajú dé, ṣéńjì 300 ti délẹ̀. Ọmọ yìí kan náà dé kíláàsì, wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì pé oníṣòwò kan ní ọsàn 24, ó ta ìdá méjì nínú mẹ́ta, “find the remainder.” Ó ń wò ó. Ká ní wọ́n fi Yorùbá bi í pé mélòó ló kù ni, á ti ní mẹ́jọ. Òdo ni tíṣà fún un, ó sì di olódo títí ìwé fi parí.

Oníbodè ni Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lọ́yà ti san owó ibodè tirẹ̀ nílé, nídìí tẹlifíṣàn, kó tó dé jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ ọlọ́sàn ń san án nídìí ìṣirò, ó ń san án nídìí sáyẹ́ǹsì. Oníbodè yìí kì í já rìsíìtì, lọ́la á tún gbà á. Ẹni tí kò bá sì rí i san, á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí orí wọn ò pé.

Irọ́ ni ti orí yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣí ibodè náà: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n já kúrò lórí Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Síbẹ̀, láwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lónìí, owó gidi ni oníbodè ń gbà: ọmọ tó bá sọ Yorùbá á san owó ìtanràn. Èrè ọsàn ni ìyá rẹ̀ fi ń san án. Kì í sì í ṣe òmùgọ̀, ó ti rí i pé fọ́ọ̀mù báńkì, ìwé ìwáṣẹ́ àti JAMB, kò sí èyí tó ń béèrè “mélòó ló kù.”