Bí ọmọbìnrin ṣe wọ ilé ìwé ọmọkùnrin nílẹ̀ Faransé

Ọdún 1963 ni ìtàn inú Mixte, eré àtìgbàdégbà ilẹ̀ Faransé tó jáde lórí Prime Video lọ́dún 2021, ti bẹ̀rẹ̀. Nílùú Saint-Jean-d'Angély, àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọkùnrin nìkan ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lè rò pé ẹ̀tọ́ obìnrin ni ìjọba ń jà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè ni kò tó.

Òfin ti 1880 tí wọ́n fi orúkọ aṣòfin Camille Sée pè ló dá ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba sílẹ̀ fún ọmọbìnrin, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò gbé wọn dé ìdánwò baccalauréat, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn yunifásítì. Ọdún 1924 ni wọ́n tó fún wọn láǹfààní ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Síbẹ̀, ilé ìwé ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Títí dòní, ẹni tó bá gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé àtijọ́ ní Paris á rí i tí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta: «Garçons» (ọmọkùnrin) lókè ilẹ̀kùn kan, «Filles» (ọmọbìnrin) lókè èkejì. Àwọn abúlé kéékèèké nìkan ló ti ń kó wọn pọ̀ tipẹ́, torí apá wọn ò ká ilé ìwé méjì.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọmọ bíbí pọ̀ lọ́nà tó kàmàmà. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1957, àwọn ọmọ náà ti tó girama í wọ̀. Ìlú kékeré tó ní ilé ìwé ọkùnrin kan ò lè tún kọ́lé mìíràn fún obìnrin, kó tún wá olùkọ́ ìṣirò mìíràn, kó tún ra irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì mìíràn. Ìwé àṣẹ kan jáde lọ́dún yẹn pé níbi tí nǹkan ò bá ti tó, wọ́n lè dà wọ́n pọ̀. Láti 1959 lọ, àwọn girama tuntun ń gba tọkùnrin tobìnrin. Àwọn àtijọ́ ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, bí àìní bá ṣe dé bá wọn.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó múra àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ òfin inú ọgbà ò yí padà. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin wọ aṣọ àwọ̀lékè. Ṣòkòtò jẹ́ èèwọ̀ fún un ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, àfi bí òtútù bá mú gan-an, nígbà yẹn náà ó tún lè jẹ́ lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Lọ́pọ̀ ibi, eré ìdárayá ṣì wà lọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ìránṣọ sì jẹ́ ti obìnrin.

Àṣẹ tó wá sọ dída ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ di dandan jáde ní December 1976, lórí òfin Haby ti 1975, èyí tó tún ètò ilé ìwé ṣe. Ilé ìwé ìjọba ni àṣẹ náà sì dè.