Ibi tí 35 pásẹ́ǹtì àwa obìnrin ti wá, àti ibi tó há sí

Tí ọdún ìbò bá ti ń sún mọ́lé l'Ábújá, nọ́ńbà kan wà tí gbogbo olóṣèlú máa ń kọ́ sórí bí ọmọ iléèwé tó ń kọ́ táímù tébù, ìyẹn 35 pásẹ́ǹtì, pé nínú ọgọ́rùn-ún ipò ìjọba, obìnrin á gba márùndínlógójì. Wọ́n á sọ ọ́ ní pápá Eagle Square, wọ́n á sọ ọ́ ní Kubwa, wọ́n á sọ ọ́ ní Nyanya, àwọn ìyá á pàtẹ́wọ́, ìlù á dún, gèlè á máa mì. Ẹ wá dá ẹni tó ń ṣèlérí yẹn dúró kẹ́ẹ bi í pé níbo ni 35 yìí ti wá, kí ló dé tí kì í ṣe 34, kí ló dé tí kì í ṣe 50 nígbà tó jẹ́ pé àwa obìnrin tó ìdajì àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í wojú P.A. ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn náà torí ó ń dùn mí gan-an pé wọ́n ń pín nọ́ńbà yìí fún wa bíi pé àpò wọn ni wọ́n ti yọ ọ́, obìnrin ló sì jà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí di òní wọn ò tíì kọ ọ́ sínú òfin ìpilẹ̀ fún wa.

Àríwá ibí gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1959, ìyẹn ìbò tó gbé àwọn tó gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó wọlé, obìnrin dìbò ní ìwọ̀ oòrùn, obìnrin dìbò ní ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n ní àríwá ọkùnrin nìkan ló dìbò. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Kánò àti Ṣókótó nìkan ni mò ń sọ o. Ìlọrin àti Ọ̀fà wà lábẹ́ àríwá nígbà yẹn. Ìyá kan tó ń gbé l'Ọ́fà ò lè dìbò, àbúrò ẹ̀ tó lọ sílé ọkọ l'Óṣogbo lè dìbò, bẹ́ẹ̀ rélùwéè kan náà ló gba ìlú méjèèjì kọjá, ìyá kan náà ló bí wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Àwọn tó ń ṣèjọba àríwá ní kò bá àṣà mu kí obìnrin dìbò. Ta ló bi àwọn ìyá l'Ọ́fà léèrè bóyá ó bá àṣà tiwọn mu?

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni Hajiya Gambo Sawaba, ọmọ Zaria tí wọ́n bí ní 1933. Ọmọdé ni wọ́n ti fi í fọ́kọ, kò sì dàgbà púpọ̀ tó fi wọ NEPU, ẹgbẹ́ òṣèlú alátakò ní àríwá, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kí obìnrin àríwá máa dìbò, kí wọ́n yéé fi ọmọdébìnrin fọ́kọ. Ó rìn dé Abẹ́òkúta lọ bá ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ó lọ kọ́ báa ṣe ń kó obìnrin jọ jà. Ẹ fojú inú wo àwọn méjèèjì yẹn nínú pálọ̀ kan, mo mọ̀ pé tí gómìnà kankan bá gba ojú ọ̀nà kọjá á sáré! Wọ́n ti Hajiya mọ́lé ìgbà 16. Ìgbà mẹ́rìndínlógún o! Àwọn tó kó owó ìjọba jẹ gan-an kì í wẹ̀wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọdún 1976, lábẹ́ ìjọba ológun, ni obìnrin àríwá tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò, 1979 ni wọ́n sì dìbò gbogboogbò àkọ́kọ́. Tẹ́ẹ bá rí ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ní Zaria tàbí ní Ìlọrin lónìí, ẹ kí i dáadáa, torí ó ti dàgbà tó sì ti di ìyá ọlọ́mọ kó tó dìbò àkọ́kọ́ nílùú ara ẹ̀.

Nọ́ńbà wa ńkọ́? Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1990 pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè rí i pé obìnrin gba 30 pásẹ́ǹtì nínú àwọn ipò tí wọ́n ti ń pàṣẹ, kó sì ti rí bẹ́ẹ̀ kó tó di 1995. 1995 dé, gbogbo obìnrin ayé kóra jọ sí Beijing, wọ́n ní 30 yẹn ò tíì délé ẹnì kankan. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Abacha dá iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin sílẹ̀ níbí. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá jẹ́ ìyàwó Ààrẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Maryam Babangida, ìyàwó ọ̀gá ológun tó ń ṣèjọba nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ Better Life, ètò fún àwọn obìnrin abúlé, ní 1987, ó sì kọ́ ilé ńlá fún ọ̀rọ̀ obìnrin sí àárín Àbújá, wọ́n ṣí i ní 1992, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀ títí dòní. Àwọn ọkùnrin fi léèsì àti gèlè àwọn ìyàwó ọ̀gá ológun yẹn ṣẹ̀fẹ̀ gan-an, èmi ò ní bá wọn ṣe é, torí ilé yẹn ṣì ń ṣe wá láǹfààní. Ohun tí mo rí síbẹ̀ ni pé ilé ni wọ́n fún wa, wọn ò fún wa lága. Àga wà ní òpópónà kejì lọ́hùn-ún, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Nígbà tí alágbádá padà dé, ìjọba Ọbásanjọ́ ṣe ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní 2000, wọ́n kọ 30 síbẹ̀. Ní 2006 wọ́n tún ìlànà náà ṣe, ibẹ̀ ni 30 ti di 35. Ìyá tó bí 35 nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o: ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Tí Ààrẹ bá tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ́ dúpẹ́, tí ò bá tẹ̀ lé e, kò sí kóòtù tó máa tìtorí ẹ̀ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Gbogbo wàhálà tó kù nínú ìtàn yìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọdún 2011 nìkan. Oṣù kìíní ọdún yẹn, PDP ń yan ẹni tó máa dupò Ààrẹ ní Eagle Square, obìnrin kan wà lára àwọn tó jáde, Sarah Jibril, ọmọ Kwara. Wọ́n kàwé ìbò títí ilẹ̀ fi mọ́: Jonathan 2,736, Atiku 805, Sarah Jibril 1. Oókan! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún délígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń dìbò yan olùdíje fún ẹgbẹ́, ló wà níbẹ̀, obìnrin wà nínú wọn rẹpẹtẹ, gbogbo àwọn wúmẹ̀n lídà láti ìpínlẹ̀ gbogbo, àwọn tó ti ń kọrin obìnrin là ń fẹ́ láti àárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sì tún bínú, títí dòní mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Èrò mi ni pé kì í ṣe ìkórìíra, ẹni tó kó délígéètì wá láti ìpínlẹ̀, tó gba òtẹ́ẹ̀lì fún wọn, tó fún wọn lówó ọkọ̀, òun ló ni ìbò wọn, àwọn tó ń kó èèyàn wá yẹn, ọkùnrin ni wọ́n. Ọdún yẹn náà ni Jonathan wá wọlé tó yan obìnrin 13 sípò mínísítà, Okonjo-Iweala nídìí owó, Diezani nídìí epo, nọ́ńbà wa fẹ́rẹ̀ẹ́ pé fún ìgbà àkọ́kọ́. A jó, a yọ̀. Ní 2015, Buhari yan mínísítà 36, obìnrin 6. Kò rú òfin kankan, torí kò sí òfin tó lè rú.

Bíọ́dún Olújìmí láti Èkìtì gbìyànjú láti sọ ọ́ dòfin. Ní oṣù kẹta 2016, ó gbé àbá òfin wá síwájú Sẹ́nétì pé kí obìnrin àti ọkùnrin ní àǹfààní kan náà, àwọn sẹ́nétọ̀ dìde, ẹni kan pe ẹ̀sìn, ẹni kan pe àṣà, wọ́n bá sọ ọ́ nù. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Ààrẹ wà ní Jámánì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel, obìnrin tó ti ń ṣolórí ìjọba Jámánì láti 2005, ó ní kíṣìnì òun ni ìyàwó òun wà, àti pálọ̀ òun, àti yàrá kejì yẹn. Merkel wò ó! Gbogbo obìnrin tí mo mọ̀ ní Kubwa ló wo fídíò yẹn tán tí wọ́n tún un wò.

Àṣà tí wọ́n ń pè yẹn ló ń yà mí lẹ́nu jù, pàápàá tó bá ti ẹnu ọmọ Yorùbá jáde. Àṣà ta ni? N'Íbàdàn, Ìyálóde ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, obìnrin ló ni àga yẹn, ọkùnrin kankan ò lè bá a dù ú, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ṣé o kúnjú ìwọ̀n. Wúràọlá Ẹ̀san ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Sẹ́nétì wa, 1960 ni, ó padà wá jẹ Ìyálóde Ìbàdàn. Àwọn baba wa mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n dá ṣèpàdé láìsí obìnrin níbẹ̀, ìlú ò sì dàrú.

Ẹ jẹ́ n sọ bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ fún yín. Mo jókòó nípàdé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Kubwa ṣáájú ìbò tó kọjá. Wúmẹ̀n lídà wọn, ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kẹ́hìndé, ní ìwé nóòtù kan tó fi rúlà fa ìlà sí, orúkọ, fóònù, yáàdì ańkárá tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbàrẹ́sì, ẹni tó gbèpo. Obìnrin tó lé ní igba ló wà nínú ìwé yẹn, ó mọ ilé olúkúlùkù wọn. Tó bá di pé kí èrò kún pápá, òun ni wọ́n ń pè láàárọ̀ kùtù. Bí wọ́n ṣe fẹ́ yan délígéètì báyìí, àwọn ọkùnrin wọ yàrá inú, alága yíjú sí i, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo oúnjẹ." Màmá ní, "Oúnjẹ ti jinná, ọmọ mi, mò ń bọ̀ wá bá yín." Ló bá gbé àga ọlọ́ràá ẹ̀ dání, ó wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n ní délígéètì ti pé. Ó ní kò burú, òun á jókòó gbọ́ orúkọ wọn. Wọn ò lè lé e jáde o, wọ́n mọ̀ pé ìwé nóòtù wà lọ́wọ́ ẹ̀! Orúkọ obìnrin ò sí níbẹ̀, àmọ́ torí pé Màmá jókòó tì wọ́n, gbogbo wa la gbọ́ ẹni tó kọ orúkọ àwọn délígéètì yẹn kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ náà ńkọ́, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìdíje táwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní àwọn ń fún obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́? Ní 2022, fọ́ọ̀mù Ààrẹ nínú APC jẹ́ 100 mílíọ̀nù náírà, wọ́n ní kí obìnrin san 30 tó jẹ́ owó àkọ́kọ́, wọ́n dá 70 yòókù sí fún un. Obìnrin kan ṣoṣo ló jáde, Uju Ohanenye, ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò ló juwọ́ sílẹ̀ fún Tinubu. Fọ́ọ̀mù kì í dìbò. Owó délígéètì ló ṣòro, wọn ò dá ìyẹn sí fún ẹnì kankan.

Wàyí o, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022 ni ọjọ́ tó dùn mí jù. Àbá márùn-ún nípa obìnrin ló wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún òfin ìpilẹ̀ ṣe. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi àga 111 kún ilé ìgbìmọ̀ fún obìnrin nìkan, 37 ní Sẹ́nétì, 74 nílé aṣojú. Àga tuntun o! Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba tiwọn. Sẹ́nétì: 30 gbà, 58 kọ̀. Ilé aṣojú: 81 gbà, 208 kọ̀. Òmíràn ní kí ọkọ obìnrin wa tó jẹ́ àlejò lè di ọmọ Nàìjíríà, torí bí òfin ṣe wà báyìí, ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ ará Gánà, ìyàwó ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ ilẹ̀ yìí, àbúrò ẹ̀ obìnrin fẹ́ ará Gánà, ọkọ tiẹ̀ ò ní àǹfààní yẹn. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Wọ́n kọ márààrún.

Lọ́jọ́ kejì obìnrin kún ẹnu géètì ilé ìgbìmọ̀, lọ́yà, olùkọ́, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kọrin nínú oòrùn Àbújá tẹ́ẹ mọ̀ yẹn, wọn ò lọlé, wọ́n tún padà wá. Nígbà tó fi dé ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ilé aṣojú ní àwọn máa tún mẹ́ta nínú àwọn àbá náà gbé yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Oṣù tó tẹ̀ lé e, 6 oṣù kẹrin, Adájọ́ Okorowo nílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dá ẹjọ́ táwọn ẹgbẹ́ obìnrin pè, ó ní kí ìjọba tẹ̀ lé 35 yẹn níbi ìyànsípò. Adájọ́ ọkùnrin o, Ọlọ́run bù kún un.

Àwọn tó ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa yan èèyàn lórí nọ́ńbà, pé kí olúkúlùkù fi ọgbọ́n ẹ̀ wọlé, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí abala 147 òfin ìpilẹ̀. Ó ní Ààrẹ gbọ́dọ̀ yan mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kọ́ nìyẹn? Olóṣèlú tó dé ipò torí pé ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀kìtì tàbí ọmọ Kogí, tí kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó kúnjú ìwọ̀n, òun ló dìde tó ní obìnrin ń wá àánú! Wọ́n mọ̀ pé ìpínlẹ̀ tí ò lẹ́nu níbi ìpàdé á pa run, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sófin. Àwa náà fẹ́ ẹnu níbi ìpàdé.

Lẹ́yìn ìbò 2023, Ireti Kingibe gba ipò sẹ́nétọ̀ Àbújá, inú wa dùn gan-an, ṣùgbọ́n obìnrin inú Sẹ́nétì ò ju 4 lọ nínú 109. Ní Rwanda tó kọ 30 pásẹ́ǹtì sínú òfin ìpilẹ̀ ní 2003, obìnrin ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún nílé aṣòfin wọn. Àbá àga obìnrin ti tún padà wá síwájú ilé ìgbìmọ̀, igbákejì abẹnugan Benjamin Kalu ló gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí. Tó bá rí ìdá méjì nínú mẹ́ta nílé méjèèjì l'Ábújá, ó ṣì kù kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Ilé aṣòfin Kánò ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, lẹ́yìn ìbò 2023 kò sí obìnrin kankan nínú wọn. Àwọn ogójì ọkùnrin yẹn wà lára àwọn tó máa jókòó pinnu bóyá ká wá bá wọn jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Kwara, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì, Oǹdó, Ògùn, Èkó, ẹ ní aṣòfin tiyín, ọ́fíìsì wọn wà ládùúgbò yín, ẹ lọ bi wọ́n báyìí kí àbá tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.