Bí Ife Chai Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ará Íńdíà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní ọ̀pọ̀ ìlú àríwá Íńdíà ni ẹni tó ń ta tíì lẹ́bàá títì ti máa ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná. Chaiwala ni wọ́n ń pè é, nítorí pé chai ni orúkọ tíì ní èdè Hindi. Omi ni yóò kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò, yóò fọ́ atalẹ̀ tútù mọ́ orí òkúta, yóò jù ú sí i pẹ̀lú hóró elaichi (cardamom lédè Gẹ̀ẹ́sì) mélòó kan tó ti la èèpo wọn kí òórùn wọn lè jáde. Bí omi náà bá ti hó, yóò bu ewé tíì sí i, ewé tó rí wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, yóò sì da ṣúgà tó pọ̀ lé e. Wàrà ló máa ń kẹ́yìn. Láti ìgbà tí wàrà bá ti wọlé ni ojú rẹ̀ kò ti gbọdọ̀ kúrò lára ìkòkò mọ́, nítorí pé tíì náà yóò máa rú sókè. Bí ó bá ti fẹ́ dà sílẹ̀ ni yóò gbé e kúrò lórí iná, yóò jẹ́ kí ó rọlẹ̀, yóò sì tún gbé e padà. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n bí amọ̀ tí a sun. Nígbà náà ni yóò sẹ́ ẹ, tí yóò sì máa dà á láti òkè sísàlẹ̀ sínú ife kí ó lè yọ ìfófòó.

Ẹni tó bá ti jókòó rí sórí bẹ́ǹṣì àwọn mai shayi ní ìgboro Ìbàdàn yóò dá ọwọ́ yìí mọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn. Orírun kan náà ni shayi àwọn Hausa àti chai àwọn ará Íńdíà ti wá, ìyẹn cha àwọn ará Ṣáínà, tó gba orí ilẹ̀ dé Páṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá; tíì tiwa gba ojú òkun wá ní tirẹ̀, láti ẹnu àwọn ará etíkun Fujian bọ́ sẹ́nu àwọn Òyìnbó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́nu wa, Bournvita àti Milo pàápàá lè jẹ́ tíì, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè chai lásán ní Íńdíà, ewé tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ wàrà àti ṣúgà ni wọn yóò gbé fún un.

Ìdí tí wọ́n fi ń se tíì bí ẹni se ọbẹ̀, tí wọn kì í kàn rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wà nínú irú ewé tí wọ́n ń lò. Ní oko tíì Assam, ní ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè náà, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fọwọ́ já ewé, ọ̀mùnú kan pẹ̀lú ewé tuntun méjì tó tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ tó wà nínú oko náà ni ewé ọ̀hún ń lọ, níbi tí wọn yóò ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó lè rọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọjá láàárín òpó irin eléyín méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn, tí ọ̀kan ń sáré ju èkejì lọ. Àwọn òpó yìí ń tẹ ewé, wọ́n ń fà á ya, wọ́n sì ń ká a di hóró wínníwínní. CTC (crush, tear, curl) ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, William McKercher ló sì gbé e jáde ní Assam ní nǹkan bí ọdún 1930. Oje tó ti jáde lára ewé yóò pàdé atẹ́gùn, àwọ̀ ewé yóò sì yí padà sí ti bàbà. Bí ó bá ti tó gẹ́lẹ́, wọn yóò fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́, wọn yóò sì fi ajọ̀ yà á sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Èyí tó kéré jù lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ekuru, ni ọ̀pọ̀ chaiwala fẹ́ràn. Kíákíá ló ń jáde sínú omi, ó ń dúdú, ó ń korò, wàrà kò sì lè bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé kílò kan rẹ̀ ń mú ife tó pọ̀ jáde ju kílò kan ewé gbọọrọ lọ. Tíì Darjeeling tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá: ó wọ́n, ó sì fúyẹ́ débi pé wàrà àti atalẹ̀ yóò pa á ní ẹ̀ẹ̀kan.

Láti oko, ọjà gbàǹjo ni apá tó pọ̀ nínú tíì náà ń gbà kọjá. Gbàǹjo ti Kolkata ti wà láti ọdún 1861, ti Guwahati sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Àwọn atọ́wò yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọn yóò sì dá iye lé e, kí àwọn tó fẹ́ rà á tó máa fi owó lé owó, lórí kọ̀ǹpútà lóde òní. Àwọn tó rà á ni yóò da ewé oko oríṣiríṣi pọ̀ kí adùn rẹ̀ má baà yí padà lọ́dọọdún, tí wọn yóò sì dì í sínú páálí àti ọ̀rá.

Pẹ̀lú gbogbo bí ó ṣe mọ́ wọn lára yìí, chai kì í ṣe ohun ìran fún ọ̀pọ̀ jù lọ ará Íńdíà. Àwọn ẹ̀yà Singpho ní Assam mọ igi tíì, wọ́n sì ń mu ún, ọ̀dọ̀ wọn sì ni Robert Bruce, ará Scotland, ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 1823. Nígbà tí East India Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù àṣẹ tó ní láti dá ṣòwò pẹ̀lú Ṣáínà ní ọdún 1833, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn tí wọn yóò ti máa rí tíì, wọ́n sì dá Assam Company sílẹ̀ ní ọdún 1839. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Chota Nagpur, Odisha àti àgbègbè mìíràn wá sínú oko pẹ̀lú ìwé àdéhùn tó so wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ló ṣì pọ̀ nínú àwọn tó ń já ewé níbẹ̀ lónìí, owó ọ̀yà wọn kò sì tíì kúrò lórí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Lọ́ńdọ̀nù ni ewé náà ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó gbìn ín kì í sábà mu ún.

Owó ló yí i padà. Òfin ọdún 1903 bu owó orí lé tíì tó ń jáde lọ sókè òkun, wọ́n sì ń fi owó náà polówó tíì. Nígbà tí iye tíì já wálẹ̀ lágbàáyé ní àwọn ọdún 1930, ojú àwọn olóko yí sí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n rán àwọn olùpolówó káàkiri ilé àti ọjà láti máa fún ènìyàn ní tíì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lẹ ìwé ìpolówó mọ́ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin ní èdè oríṣiríṣi, wọ́n sì rọ àwọn iléeṣẹ́ láti fún òṣìṣẹ́ láyè mu tíì lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn ni bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pò ó: ewé púpọ̀, wàrà díẹ̀. Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì gbọ́, wọ́n sì ṣe tiwọn. Wọ́n dín ewé kù nítorí pé òun ló wọ́n jù, wọ́n fi wàrà, ṣúgà àti atalẹ̀ dí àyè rẹ̀. Inú àwọn olùpolówó kò dùn sí i, nítorí pé ewé ni wọ́n fẹ́ tà, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ dúró ti ìkòkò oníkòkò? Mahatma Gandhi náà kọ̀wé lòdì sí tíì pé kò ṣe ara lóore, èyí pẹ̀lú kò sì dá a dúró. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1947, nígbà tí CTC ti pọ̀ tó sì rọjú, tíì wọ ilé olówó àti tálákà. Íńdíà ló tẹ̀ lé Ṣáínà nínú pípèsè tíì lágbàáyé báyìí, ìlú náà fúnra rẹ̀ ló sì ń mu nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń pèsè.

Ife kékeré ló mú kí òwò yìí rọrùn. Ní Mumbai, ẹni tó bá béèrè "cutting" ń béèrè ìdajì ife, tí yóò mu tán ní òòró níbi tó dúró sí, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí pé ó kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹnì kan sì lè padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Ìdí nìyí tí ìsọ̀ chai fi ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́, ọgbà ọkọ̀, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́. Ẹni tí kò bá ráyè jáde yóò ránṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ yóò sì gbé ife mẹ́fà tàbí mẹ́jọ wá nínú àgbékọ́ onírin, yóò pín in kiri tábìlì, yóò sì padà wá kó ife òfìfo. Àwìn ni ọ̀pọ̀ ń rà á, inú ìwé kékeré ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn yóò sì san án nígbà tí owó oṣù bá wọlé.

Nínú ilé, a kì í bi àlejò bóyá yóò mu tíì. Omi ti wà lórí iná kó tó jókòó tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ mu rárá ṣì máa ń gba ìdajì ife kí ó má baà dà bí ẹni kọ onílé. Nígbà tí ẹbí ọkọ ìyàwó bá wá wo ọmọbìnrin, àṣà ni ní ọ̀pọ̀ ilé pé òun ni yóò gbé àwo tíì wọlé, ojú gbogbo ènìyàn yóò sì wà lára ìrìn àti ọwọ́ rẹ̀ ju inú ife lọ. Kódà rìbá kékeré ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀: chai-pani, tíì àti omi, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pè é ní owó kọ́là.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni adùn ti dọ́gba. Àwọn ará Kashmir ń fi iyọ̀ sí tiwọn, wọ́n sì ń fi sódà sè é títí yóò fi rí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní Ladakh, bọ́tà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Kọfí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ní Tamil Nadu fi ń jí.

Ife tí wọ́n ń fi mu ún kò ṣeé fojú fò. Kulhad, ife amọ̀ tí wọn kò kùn, ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́, tí ẹni tó mu tán yóò sọ mọ́lẹ̀ kí ó fọ́. Ó bá èrò àwọn tó gbà pé ẹnu ẹni tí a bí sí ipò mìíràn lè sọ ohun èlò di aláìmọ́ mu, nítorí pé ẹnu kejì kì í kàn án. Gíláàsì tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì ń lò padà ni kò bá èrò yẹn mu, ìdí sì nìyí tí àwọn ìsọ̀ kan ní ìgbèríko Tamil Nadu fi ya gíláàsì àwọn Dalit, àwọn tí àṣà ipò àbímọ́ni kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, sọ́tọ̀ sí ti àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Íńdíà ti ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní ọdún 2004, Lalu Prasad Yadav, mínísítà ètò ọkọ̀ ojú irin, pàṣẹ pé kí kulhad padà sí àwọn ibùdókọ̀ kí àwọn amọ̀kòkò lè ríṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ife pépà rọjú ju amọ̀ lọ, òun ló sì gba ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, Dalit nìkan ni wọ́n ń fi ife pépà yìí fún, tí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì sì ń mu tiwọn nínú gíláàsì, láti inú ìkòkò kan náà.