Kí Ló Dé Tí Ẹsẹ̀ Fi Ń Kọṣẹ́ Ní Kìlómítà 16?

Ìbéèrè: Mo máa ń sá kìlómítà 10 láìdúró. Mo wá sá ààbọ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, kìlómítà 21 ó lé díẹ̀, ní Èkó. Ara mi yá gágá títí dé kìlómítà 14. Nígbà tí mo fi máa dé 16, ẹsẹ̀ mi ti wúwo bí òjé, mo sì rìn dé òpin. Kí ló ṣe mí?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, èrò ń hó yèè, ẹsẹ̀ fúyẹ́, èèyàn á sì máa tẹ̀ lé àwọn tó yára jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀, agbára tí ìrẹsì àti iṣu fi pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ wa níwọ̀n. Bí a bá rọra sáré, ọ̀rá inú ara á bá a dá sí i. Bí a bá kù gìrì, agbára oúnjẹ yẹn la ó máa ná jù, ní ìnákúnàá.

Ooru tún wà níbẹ̀, òun gan-an ni mo sì bẹ̀rù jù ní Èkó. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan ń lò ló ń di ooru. Òógùn ló yẹ kó gbé e lọ, ṣùgbọ́n àfi tó bá gbẹ lára kí ara tó tutù. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti kún afẹ́fẹ́, ńṣe ni òógùn á kàn máa kán tótó sílẹ̀. Ọkàn á wá máa pín ẹ̀jẹ̀ fún awọ àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà á máa lù kìkì, eré ò sì ní yára sí i. Ó ti ṣe mí rí. Mo jókòó sétí gọ́tà, mo fọwọ́ ra ojú mi, iyọ̀ rẹ̀ rí hóró-hóró bí iyanrìn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ eré tó níwọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀. Bí gbólóhùn yín bá ń já lágbedeméjì, ẹ dẹwọ́, pàápàá ní kìlómítà 5 àkọ́kọ́. Nílé, ẹ máa sáré gígùn kan lọ́sẹ̀, ẹ rọra máa fi kún un títí dé 16 tàbí 18. Kò pọn dandan kí ẹ sá 21 pé kí ọjọ́ tó kò.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa mu omi dáadáa?

Ìdáhùn: Bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ yín ni kí ẹ mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ipá mu ún. Omi àmujù ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù: orí á fọ́, èébì á dé, ó sì lè pani. Níbi eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2002, àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré kan wò lẹ́yìn eré. Nǹkan bí 13 nínú 100 wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Bàtà tuntun ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Èyí tí ẹ ti fi sáré gígùn ni kí ẹ wọ̀. Kí ẹ sì fi òrí pa abíyá àti àárín itan dáadáa, torí ibẹ̀ ni aṣọ àti òógùn ti ń bó èèyàn lára.